Búrẹ́dì, yógọ́ọ̀tì tàbí yíìsì: èwo ni kí ẹ fi ṣe písà pẹ̀lú àwọn ọmọ yín?

Ohun tí àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, nínú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà ṣe písà nílé, èwo ló dùn jù? Èmi náà á bi wọ́n padà: ọmọ yín, ìṣẹ́jú mélòó ló lè fi dúró de oúnjẹ kó tó fi igbe ta? Èsì tí wọ́n bá fún mi ni mo fi ń yan ìsàlẹ̀ písà fún wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ìdí tí ìyẹ̀fun fi ní láti jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé òun ti fọwọ́ tẹ nǹkan, ìyẹ̀fun ti kun òun nímú, oúnjẹ ò sì tíì délẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ńkọ́? Ẹ gbé búrẹ́dì tó ti jinná síwájú rẹ̀ pé kó to nǹkan sí i lórí, ìṣẹ́jú méjì ló máa fi ṣe é tán, á wá bi yín pé ṣé gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn.

Àwọn méjì tó ń bá mi ṣe é nílé nìyẹn gan-an: àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti bá wọn ṣe ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fẹ́ gbé síwájú yín yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ná, kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀.

| Ìsàlẹ̀ písà | Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ẹnu | Ohun tí ọmọ máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe | Ọjọ́ orí tó bá mu jù |
|---|---|---|---|
| Búrẹ́dì tó ti jinná | nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 | fífi ọbẹ̀ pa á, títo nǹkan sórí rẹ̀ | ọdún 2 sí 5 |
| Ìyẹ̀fun àti yógọ́ọ̀tì | ìṣẹ́jú 40 sí 45 | pípò, títẹ́, títò | ọdún 4 sí 8 |
| Yíìsì, lọ́jọ́ kan náà | wákàtí 2 sí 2½ | wíwọ̀n, pípò, nínà, títò | ọdún 6 lọ sókè |
| Yíìsì, nínú fíríìjì mọ́jú | ọjọ́ 1 sí 3 | bákan náà, àmọ́ a pín in sí ọjọ́ méjì | ọdún 8 lọ sókè |

Búrẹ́dì tó ti jinná

Èyí ló yá jù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kì í ṣe písà. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó rí roboto ló dára jù fún un. Bí kò bá sí, búrẹ́dì gígùn tí a là sí méjì láti orí dé ìdí yóò ṣe é, tàbí búrẹ́dì tí a gé nípọn.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ọbẹ̀ tòmátò máa ń rin ín wọnú, àárín rẹ̀ á sì ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ kí wàràkàṣì tó yọ́. Nítorí náà, ẹ fi òróró díẹ̀ pa ojú búrẹ́dì náà, kí ẹ tì í sínú ààrò fún ìṣẹ́jú 3 sí 4 kí ojú rẹ̀ gbẹ, kí ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún ọmọ. Bó bá ti tò ó tán, ìṣẹ́jú 8 sí 10 nínú ààrò tó gbóná dé 200°C ti tó o.

Ọmọ ọdún mẹ́rin mi máa ń yọ ahọ́n síta bó bá ń ṣe é. Mo ti kọ́ ọ pé kó da ọbẹ̀ ṣíbí kan sí àárín, kó wá fi ẹ̀yìn ṣíbí yí i kiri bọ̀ wá sétí, bí ẹni ń ya òrùka. Bó bá ku nǹkan bí ìbú ìka kan kó kan etí, á dúró, á gbé ojú sókè wò mí, á ní, "Mọ́mì, ṣé ó tó?" Bí mo bá ní ó tó, ó di kó mú wàràkàṣì, á máa fi ìka mẹ́ta wọ́n ọn bí ẹni ń wọ́n oúnjẹ fún òròmọdìẹ. Iṣẹ́ tó tó o lọ́wọ́ nìyẹn, oúnjẹ á sì dé kí sùúrù rẹ̀ tó tán.

Àbùkù rẹ̀ ò fara sin: ọmọ ò fọwọ́ kan ìyẹ̀fun rárá, bẹ́ẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń fẹ́ ju písà fúnra rẹ̀ lọ ni kí wọ́n rí nǹkan rírọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá pọ̀ nílé, bíi ti ọjọ́ ìbí, mi ò ní lo nǹkan mìíràn. Kálukú á gba búrẹ́dì tirẹ̀, kò ní sí ìjà.

Yógọ́ọ̀tì àti bẹ́kìn-páúdà

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo fún ẹni tí kò ṣe písà rí láyé rẹ̀, èyí ni mo máa mú. Ọmọ á pò ó, á tẹ́ ẹ, á sì jẹ ẹ́ láàárín wákàtí kan, yíìsì kankan ò sì sí níbẹ̀ tó lè kú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ wọn ìyẹ̀fun àlìkámà 250 gíráàmù. Ẹ da bẹ́kìn-páúdà ṣíbí ìmutíì 3 sí i, tó tẹ́jú, pẹ̀lú iyọ̀ ìdajì ṣíbí, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ rú u pọ̀. Bó bá jẹ́ irú ìyẹ̀fun tí wọ́n ti po bẹ́kìn-páúdà mọ́ látilé ni ẹ ní, ẹ má fi òmíràn kún un mọ́. Lẹ́yìn náà ni yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà: bí 200 gíráàmù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi mú ara rẹ̀, ó lè tó 250. Yógọ́ọ̀tì tó ki ni kí ẹ wá. Èyí tó ń ṣàn bí omi á lẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ ó sì máa da ìyẹ̀fun sí i títí tí adùn rẹ̀ á fi lọ.

Inú bẹ́kìn-páúdà ni ohun kíkan àti ohun tó ń pa kíkan wà pọ̀, ní gbígbẹ. Gbàrà tí omi bá kàn wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú afẹ́fẹ́ jáde. Bí iná bá tún kàn wọ́n, wọ́n á tú òmíràn. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń gbé ìyẹ̀fun dìde nínú ààrò. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ pò ó tán kí ẹ gbé e tì. Ìṣẹ́jú kan sí méjì ni kí ẹ fi pò ó, kò gbọ̀dọ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí ẹ bá ṣe ń pò ó sí i ló ń le sí i. Ẹ gé e sí mẹ́ta, kí ọmọ fi igi ìyíyẹ̀fun tàbí ìgò tí a ti fọ̀ tẹ́ ẹ títí kò fi ní ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ ní nínípọn. Ní 220°C, ìṣẹ́jú 12 sí 15 ló máa gbà.

Ẹ má retí pé yóò dà bíi ti yíìsì. Kò ní àwọn ihò ńláńlá létí, kì í fà lẹ́nu, ó sì máa ń kan díẹ̀, nítorí yógọ́ọ̀tì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ní gbígbóná. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti gbẹ, kò sì sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i, torí náà ẹ má ṣe ju èyí tí ẹ máa jẹ tán lọ.

Yíìsì, ọ̀gá gbogbo wọn

Kí n sọ òótọ́ inú mi: èyí ni mo fẹ́ràn jù. Òun nìkan ló ń fi nǹkan tó wà láàyè han ọmọ nínú abọ́. Yíìsì, tí àwọn àgbà ń pè ní ìwúkàrà, jẹ́ ohun abẹ̀mí tín-ń-tín tí ojú lásán ò lè rí, ìbátan olú ni. Ṣúgà tó wà nínú ìyẹ̀fun ló ń jẹ, afẹ́fẹ́ ló sì ń tú jáde. Bí ọmọ yín bá ti tó ọdún mẹ́fà, ẹ sọ ìyẹn fún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa là.

Èyí tí mò ń lò, tó ń ṣe písà mẹ́rin tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25: ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì 500 gíráàmù, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ 325 mílílítà, yíìsì gbígbẹ 7 gíráàmù, iyọ̀ 10 gíráàmù, òróró ṣíbí ìjẹun 2. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n, ẹ lò ó. Ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò máa ń gbádùn kó máa da ìyẹ̀fun díẹ̀díẹ̀ títí 500 yóò fi hàn, ife sì máa ń tanni jẹ, torí ìyẹ̀fun tí a tẹ̀ mọ́ inú ife wúwo ju èyí tí a rọra bù lọ.

Ìwọ̀n ooru omi ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. 35 sí 40°C ni yíìsì fẹ́. Bí omi bá tutù, yóò ṣiṣẹ́ bó pẹ́ bó yá. Bó bá ń lọ sí 60°C, ó ti kú. Ní ọjọ́ kan tí mo ń kánjú, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni mo dà lé e. Àwọn ọmọ jókòó ti abọ́ yẹn fún wákàtí kan gbáko. Ẹ̀gbọ́n ń ṣí aṣọ orí rẹ̀ wò lóòrèkóòrè, kò sí ohun tó yí padà. Níkẹyìn ó wá bá mi nídìí àwo tí mò ń fọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì ń sùn ni?" Ó dùn mí wọra, nítorí mo mọ̀ pé èmi ni mo pa á. Búrẹ́dì la fi ṣe písà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń yẹ omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun wò ni mo ṣe ń yẹ omi yíìsì wò: mo máa ń da díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ mi. Bí kò bá tutù, tí kò sì ta mí, ó ti dáa.

Oríṣi yíìsì gbígbẹ méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan wà tí a ní láti kọ́kọ́ rẹ sínú omi. Èkejì ṣe é dà sínú ìyẹ̀fun tààrà. Èkejì yá, bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mò ń ṣe é, òun ni mo máa lò. Àmọ́ pẹ̀lú ọmọ, àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú. Ẹ da yíìsì sínú omi pẹ̀lú ṣúgà bíńtín, kí ẹ ní kí ọmọ máa ṣọ́ ọ. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìfófòó á ti bo ojú omi náà, á sì máa rùn bíi búrẹ́dì tútù. Ẹ̀yin méjèèjì á ti mọ̀ pé yíìsì yè kí ẹ tó fi ìyẹ̀fun ṣòfò. Ká ní mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, mi ò bá má sọ wákàtí àwọn ọmọ mi nù.

Ìṣẹ́jú 8 sí 10 ni ẹ máa fi pò ó. Ìyẹn pọ̀ fún apá ọmọ, nítorí náà ẹ gé e fún wọn, kí kálukú máa po tirẹ̀, kí ẹ̀yin wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ bó bá rẹ̀ wọ́n. Ẹ fi hàn wọ́n: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ẹ ká a padà, ẹ yí i, ẹ tún tì í. Inú àlìkámà ni àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń so mọ́ra wọn bí okùn bí a bá ń pò ó pẹ̀lú omi, gluten ni wọ́n ń pe okùn náà. Òun ló ń di afẹ́fẹ́ yíìsì mú kó má jáde. Ẹ ó mọ̀ pé ó tó bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, tó sì rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí ènìyàn.

Ó wá ku dídúró, níbi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń jáwọ́. Wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ni, títí yóò fi wú di ìlọ́po méjì. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni abọ́ tí a ń rí inú rẹ̀ láti ìta. Mo máa ń lẹ tépù mọ́ ọn lára níbi tí ìyẹ̀fun dé, mo tún máa ń lẹ òmíràn mọ́ ibi tí mo rò pé yóò dé. Àwọn ọmọ á lọ ṣeré, wọ́n á tún padà wá wò ó, ìlà àkọ́kọ́ á ti wà lábẹ́ rẹ̀ dáadáa. Àárín àkókò yẹn la máa ń fọ abọ́, tí a ń ṣe ọbẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ń rin wàràkàṣì.

Bó bá ti wú tán, ẹ jẹ́ kí ọmọ kun ìka kan ní ìyẹ̀fun, kó tì í bọ inú rẹ̀ tó oríkèé kan, kó yọ ọ́. Ẹ tẹ orí ba kí ẹ jọ wo ihò yẹn. Bó bá fò padà kíá, kò tíì tó. Bó bá rọra ń dìde wá, díẹ̀díẹ̀, tó sì dúró láìdí tán, ó ti yá. Bí kò bá mira rárá, ó ti pẹ́ jù. Ẹ tètè máa yan án lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń nà án, ó lè máa fà padà bíi rọ́bà. Ọmọ á bínú, á fẹ́ fi agbára fà á, á sì ya. Kò sí ohun tó ṣe é, àwọn okùn inú rẹ̀ ló ṣì le. Ẹ fi aṣọ bò ó fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, yóò gbọ́ràn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní ọwọ́ nìkan ni ká fi nà án, kí afẹ́fẹ́ má baà kúrò létí, òótọ́ sì ni, etí rẹ̀ máa ń wú dáadáa bí a bá fọwọ́ nà án. Síbẹ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá ní igi lòun fẹ́ lò, ẹ fún un ní igi.

Èyí tó ń sun inú fíríìjì

Ohun kan náà ni, àmọ́ yíìsì rẹ̀ kò ju 2 gíráàmù lọ, omi tútù ni a sì fi ń pò ó. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí 24 sí 72, kí ẹ gbé e síta ní bíi wákàtí kan ààbọ̀ kí ẹ tó nà án. Òun ló dùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí bó ṣe ń pẹ́ nínú òtútù ni adùn ń wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó máa ń ṣí fíríìjì wò ó kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àbúrò ò mọ̀ pé ohun tí òun pò lánàá ni a ń jẹ lónìí, nítorí náà mi ò tíì máa fi ṣe tirẹ̀.

Àwọn kan á bi mí nípa ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò tán tí wọ́n ń tà. Ó dára fún ọjọ́ tó rẹ̀ yín. Ẹ gbé e kúrò nínú òtútù tó wákàtí kan ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe é nà.

Ààrò tàbí páànù?

Ní Naples, nílẹ̀ Ítálì, tí ìdílé písà ti ṣẹ̀, ààrò onígi tó gbóná kọjá 430°C ni wọ́n ń lò. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó ti jinná. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn níyì débi pé UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ ara ogún àṣà ìran ènìyàn ní ọdún 2017. Ààrò ilé kì í débẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í kọjá 250°C, písà á sì pẹ́ nínú rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a tan án dé òpin agbára rẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú, pẹ̀lú páànù pẹrẹsẹ kan tí a dojú rẹ̀ dé nínú rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ písà lè bá ooru pàdé lójú ẹsẹ̀. Orí bébà ìyan-nǹkan ni kí ọmọ ti to tirẹ̀, kí àgbà wá fa bébà náà sórí páànù gbígbóná yẹn. Ẹ yẹ ara páálí bébà wò kí ẹ mọ ooru tó lè gbà, torí ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ ju 220°C lọ. Ti yíìsì á jinná ní ìṣẹ́jú 8 sí 12.

Bí ẹ ò bá ní ààrò, páànù ìdín-nǹkan tó nípọn tó sì ní ìdérí á ṣe é, inú yín á sì dùn sí i. Ẹ tẹ́ ìyẹ̀fun pípò náà sínú rẹ̀ lórí iná tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 2 sí 3 títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹ yí i padà sórí pátákó, kí ojú tó ti pọ́n wà lókè. Orí pátákó yẹn, níbi tí kò ti sí iná, ni ọmọ ti máa to nǹkan sí i. Kí ẹ wá dá a padà sínú páànù, kí ẹ dé e, kí ẹ dín iná kù fún ìṣẹ́jú 4 sí 6 títí wàràkàṣì á fi yọ́.

Nínú méjèèjì, ìsàlẹ̀ ti páànù máa ń gbẹ, ó sì máa ń ró lẹ́nu ju ti ààrò ilé lọ, ó sì yá. Àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe, ọmọ mẹ́rin á dúró lórí ìlà. Ààrò ní ilẹ̀kùn tó ń pa iná mọ́ lọ́dọ̀ ọmọ. Ọwọ́ páànù ń yọ síta, ọmọ kékeré sì lè fà á. Ẹ kọ ọwọ́ rẹ̀ sí apá ògiri.

Ọbẹ̀, wàràkàṣì àti ohun tí a ń tò

Ọbẹ̀ tí a sè àti èyí tí a ò sè: ẹ mú èyí tí a ò sè. Tòmátò odindi inú agolo 400 gíráàmù, kí ọmọ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ fọ́ nínú abọ́ jíjìn kó má baà ta sí ògiri, kí ẹ fi iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì àti òróró díẹ̀ sí i, ó parí. Inú ààrò ló ti máa jinná. Bó bá jẹ́ tòmátò tó ki ni ẹ ní, ẹ fi omi là á, torí kò ní dùn báyẹn. Ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta tó fún písà kan. Ọwọ́ àwọn ọmọ máa ń wúwo níbí, nítorí náà abọ́ kékeré ni mo ń bu tiwọn sí. Bó bá tán, ó tán.

Mozzarella ni wàràkàṣì tí wọ́n mọ̀ mọ́ písà, oríṣi méjì ló sì ní. Èyí tó wà nínú omi dùn, àmọ́ bí ẹ ò bá gé e kí ẹ fi aṣọ fa omi rẹ̀ gbẹ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, adágún ni ẹ máa bá lórí písà. Èyí tó gbẹ ni mo ń fún àwọn ọmọ. Ẹ rin ín fúnra yín bí ẹ bá lè ṣe é, torí wọ́n máa ń fi nǹkan bíi ìyẹ̀fun kun èyí tí wọ́n ti rin tà kó má baà lẹ̀ pọ̀, kì í sì í yọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa tò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́. Mẹ́ta ni òfin tiwa, torí bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í jinná. Ẹran àti adìẹ gbọ́dọ̀ ti jinná kó tó gun orí písà. Olú àti tàtàṣé ní omi, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ọmọ bá ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó lòun fẹ́, ẹ má kọ̀ fún un: ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì kan tó kó lọ sí Kánádà, Sam Panopoulos, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1962. Ẹ ṣáà fún omi rẹ̀ dànù.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ má gé sọ́séèjì ní roboto, ẹ má sì gbé tòmátò wẹ́wẹ́ tàbí ólífì sílẹ̀ ní odindi. Irú nǹkan roboto bẹ́ẹ̀ ló ń dí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ là á lóròó sí mẹ́rin. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lá ìyẹ̀fun tútù, bó ti wù kó jọ bí eré. Wọn kì í fi iná pa kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2016, ìyẹ̀fun ni wọ́n tọpa àìsàn kan dé, èyí tí kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ E. coli fà, tó mú àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Ọṣẹ àti omi, lẹ́yìn pípò àti kí a tó jẹun.

Bí ọmọ méjì bá jẹ́ ọjọ́ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Èyí ni tèmi, ó sì lè jẹ́ tiyín. Mo ti gbìyànjú kí n fi ohun kan ṣoṣo tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Yógọ́ọ̀tì ló súnmọ́ ọn jù, ó sì tó bí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà. Àmọ́ ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé èmi àti ẹ̀gbọ́n á po ti yíìsì ní ọ̀sán, a ó gé èyí tó tó ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀ fún àbúrò kó máa tẹ̀ ẹ́, kó máa fi ṣe ejò àti ìgbín. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ò ní dé ẹnu ẹnikẹ́ni, ìdọ̀tí ni a ó dà á sí. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, búrẹ́dì àbúrò ló ń kọ́kọ́ wọ ààrò, ní 200°C. Bó bá ti ń jẹ tirẹ̀ lọ́wọ́, tí wàràkàṣì ń fà láti ẹnu rẹ̀ dé inú àwo, a ó gbé iná sókè, ẹ̀gbọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í na tirẹ̀.